Awò Lórí M1 Garand: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ibi Tó Jókòó Sí

Bàbá kan gbé ìbọn M1 Garand tí wọ́n gbé awò (dígí tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ni) lé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Texas, inú ń bí wọn gidi. “Ọmọ mi, ayédèrú ni awò tí wọ́n tà fún mi yìí. Láàárọ̀ ó ń bà á láàárín gbùngbùn, tó bá di ọ̀sán, ọ̀tún ló ń lọ.” Mo gba ìbọn lọ́wọ́ wọn, mo yọ ọta, mo ti ìka bọ ibi tí ọta ń wọ̀ kí n lè mọ̀ dájú pé ó ṣófo. Lẹ́yìn náà ni mo di awò mú, mo mì í díẹ̀. Ó mì. “Ẹ má bínú, Bàbá, kò sóhun tó ṣe awò yín. Àga tó jókòó lé ló ń jó.”

Àga yẹn làwa oníṣẹ́ ìbọn ń pè ní máùntì. Èmi á máa pè é ní ìjókòó awò. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ná owó ńlá lórí awò, wọ́n á wá fi owó tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ra ìjókòó. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ká ní òrùka méjì tó di awò mú fi ínṣì 4 jìnnà síra. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ ní ìdá kan péré nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì, èyí tí kò tó ìnípọn irun orí, ọta á fi nǹkan bí ínṣì 0.9 yà kúrò lójú ibi tẹ́ ẹ fojú sùn ní 100 yáàdì. Ọta .30-06 tí Garand ń yìn sì lágbára. Gbogbo ìgbà tó bá ta yín léjìká, síkúrù tó di ìjókòó mú náà ń jẹ nínú ìyà ọ̀hún.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi lọ wá ọ̀kan o. Òfin Nàìjíríà ka ìbọn ológun irú èyí mọ́ ohun tí aráàlú ò gbọ́dọ̀ ní láìsí àṣẹ Ààrẹ. Amẹ́ríkà ni mò ń sọ, níbi tí ètò CMP (Civilian Marksmanship Program) ti ń ta Garand àtijọ́ fún aráàlú tó bá kúnjú òṣùwọ̀n.)

Kí ló wá dé tí gbígbé awò lé Garand fi le ju ti àwọn yòókù lọ? John C. Garand tó ṣe é ní Springfield Armory, ní Massachusetts, kò ní awò lọ́kàn. Nígbà tí ológun Amẹ́ríkà gbà á lọ́dún 1936, ojú irin (irin kékeré orí ìbọn tí wọ́n fi ń fojú sùn) ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ ogun máa lò, ojú irin rẹ̀ sì dáa títí dòní. Òkè ni wọ́n ti ń ki ọta mẹ́jọ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú kílíìpù irin tó di wọ́n pọ̀. Tí èyí tó kẹ́yìn bá lọ, kílíìpù náà á fò jáde lókè, á sì dún gbìn-ín. Bẹ́ ẹ bá gbé awò lé orí gan-an, ibo lọwọ́ yín fẹ́ gbà ki ọta, ibo sì ni kílíìpù fẹ́ gbà jáde? Ẹ ò ní í lè lò ó mọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́ ní 1944, wọ́n wá ọgbọ́n méjì dá sí i. Ní ti oríṣi Garand tí wọ́n pè ní M1C, wọ́n lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ òsì ara irin ìbọn, wọ́n sì so ìjókòó mọ́ ọn níbẹ̀. Ní ti èyí tí wọ́n pè ní M1D, ara ọ̀pá ìbọn ni wọ́n so ó mọ́, síkúrù ńlá kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí ló dì í mú. Òsì ni awò wà nínú méjèèjì, ìdí nìyí tí wọ́n fi de awọ tó nípọn mọ́ ìdí igi ìbọn kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ogun lè sún débi tí awò wà. Bí awò bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, ẹ rántí pé ọta ń ti ọ̀tún bọ̀ wá pàdé ojú yín ni. Bẹ́ ẹ bá ti tò ó kó bára mu ní 100 yáàdì, tó bá fi máa dé 200, á ti ré kọjá sí òsì ní ìwọ̀n kan náà tí awò fi yà kúrò lórí ọ̀pá. Èyí kì í ṣe àléébù ìjókòó yín rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ irú ìrísí yẹn lónìí lè rí àdàkọ M1D rà, ọ̀pá tí wọ́n ti ṣètò fún un ni kó wá. Ohun tí mi ò ní í bá ẹnikẹ́ni ṣe ni kí n lu ihò sára Garand tó ṣì wà bí ológun ṣe fi sílẹ̀. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo lu ọ̀kan. Iṣẹ́ náà mọ́, ìbọn sì ń bà dáadáa, àmọ́ nígbà tí olówó rẹ̀ fẹ́ tà á, gbogbo ẹni tó bá wò ó ló ń ka ihò. Ihò tí a bá ti lù kò ní ẹ̀rọ̀.

Èyí tí mo máa ń dámọ̀ràn ni ìjókòó tó rọ́pò igi ìbòrí ẹ̀yìn tó wà lórí ọ̀pá, tó ń di ọ̀pá mú ṣinṣin níwájú ibi tí ọta ń wọlé. Kò sí ihò, òkè wà ní gbayawu, ẹ sì lè dá a padà sí bó ṣe wà. Ó kàn jẹ́ pé awò tó wọ́pọ̀ lójú ọjà kò bá a mu. Èyí tí ojú yín lè fi nǹkan bí ínṣì 9 tàbí 10 jìnnà sí, tẹ́ ẹ ṣì máa ríran nínú rẹ̀, lẹ máa rà, kó má sì wúwo. Ara ọ̀pá gbígbóná ló wà, nítorí náà bẹ́ ẹ bá yìn ín léraléra, ó lè sún díẹ̀. Fún ọdẹ tó fẹ́ yìn ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kò sí wàhálà.

M1A, àbúrò Garand, rọrùn jù ú lọ torí ìsàlẹ̀ ni ọta rẹ̀ ń gbà wọlé. Ihò ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Àṣìṣe tí mò ń rí ni ìjókòó tí síkúrù ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo dì mú. Á máa yí lórí rẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ẹ ra èyí tó tún di irin kékeré tó wà níwájú ojú irin ẹ̀yìn mú, irin ni kí ẹ sì rà bí ara yín bá lè gbé e. Ti SKS, ìbọn àtijọ́ ti Rọ́ṣíà, tó jókòó sórí ìdérí tí ń ṣí tí ń pa, ẹ fi owó yín pamọ́.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dì í, ẹ fi sípíríìtì nu epo kúrò lára síkúrù àti ihò rẹ̀. Ẹ kán gúlúù tí kì í jẹ́ kí síkúrù tú sí i, aláwọ̀ búlúù ni o. Bẹ́ ẹ bá lo pupa, iná lẹ máa fi yọ ọ́. Ẹ yá sípánà tó ń ka agbára bẹ́ ò bá ní. Síkúrù òrùka sábà máa ń gba ínṣì-páùnù 15 sí 20. Ti ìjókòó fúnra rẹ̀, ohun tí ẹni tó ṣe é kọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ wá fi ọ̀dà fa ìlà tínrín láti orí síkúrù dé ara irin. Ọjọ́ tí ìlà yẹn bá pín sí méjì, ẹ ti rí olè.

Ti Bàbá, epo tí wọ́n fi ń pa ìbọn ló ti wọ abẹ́ ìjókòó, síkúrù méjì sì ti tú. A nù ún, a tún un dì, wọ́n yìn ín ní márùn-ún, mo tú ìjókòó sílẹ̀ lójú wọn, mo tún un dì, wọ́n yìn ín ní márùn-ún mìíràn. Bébà kan náà la yìn, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì bà. Wọ́n ká a, wọ́n fi sí àpò, wọ́n ní kí n má sọ fún ẹni tó ta awò fún wọn pé àwọn fẹ́ lọ bá a jà.