Kọ́kọ́rọ́ àṣírí SSH kò gbọdọ̀ kúrò níbi tí a ti ṣe é

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Ìjẹ̀bú Òde, Agọ́ Ìwòyè àti Ṣàgámù ni kò fojú kan sáfà tí wọ́n ń bójú tó rí, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ náà lè wà ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà. Wọn a jókòó sílé, wọn a ṣí terminal (fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí), wọn a tẹ ssh (ètò tí a fi ń wọ ẹ̀rọ tó jìnnà) pẹ̀lú orúkọ wọn àti àdírẹ́sì rẹ̀, wọn a sì máa pàṣẹ fún un bí ẹni pé orí tábìlì wọn ló wà. Kọ́kọ́rọ́ SSH, ohun tó ń jẹ́ kí sáfà náà gbà pé àwọn gan-an ló ń bá a sọ̀rọ̀, ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé bí mo ṣe ń rí i tí àwọn ènìyàn ń tọ́jú rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Tatu Ylönen, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló ṣe SSH ní 1995, lẹ́yìn tí àwọn kan ti jí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ènìyàn gbé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì tó wà. OpenSSH tí ọ̀pọ̀ wa ń lò lónìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe OpenBSD, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ní 1999. A ṣì lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, ṣùgbọ́n sáfà tó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ àwọn olè ń kan ẹnu ọ̀nà 22 rẹ̀ (port tí SSH ń gbà wọlé), tí wọ́n ń dán oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ aṣínà wò. Kọ́kọ́rọ́ ló ń gbà wá lọ́wọ́ wọn.

Bí ẹ bá tẹ ssh-keygen -t ed25519, ẹ̀rọ yín yóò ṣe fáìlì méjì sínú fódà .ssh: id_ed25519 àti id_ed25519.pub. Èyí tó ní .pub nídìí ni ti gbangba. Ẹ lè fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pín àgádágodo káàkiri tí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó lè ṣí gbogbo wọn sì wà lápò rẹ̀. Èkejì ni ti àṣírí. Nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ̀rọ yín ni yóò fi í buwọ́ lu ìsọfúnni kan, ìbuwọ́lù yẹn ni sáfà yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ gbangba yẹ̀ wò. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí fúnra rẹ̀ kì í rìnrìn àjò lọ síbì kankan. Bí SSH kò bá fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ sí sáfà pàápàá, kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn fi ń fi í ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp?

Ohun kan wà tí mo sábà máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó fi fúláàṣì kó kọ́kọ́rọ́ láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Wọ́n á tẹ ssh, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ sí wọn lójú pé: Permissions 0644 for 'id_ed25519' are too open. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé olóhun lè ka fáìlì náà kó sì yí i padà, ṣùgbọ́n pé gbogbo ẹlòmíràn tó ní àyè lórí ẹ̀rọ yẹn náà lè kà á, SSH kò sì ní lo kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn á wá fi ìbínú tẹ chmod 777 (chmod ni àṣẹ tó ń yí ẹni tó lè lo fáìlì padà), èyí tí yóò tún ṣí i sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Chmod 600 ló yẹ fáìlì náà, chmod 700 ló sì yẹ fódà .ssh. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ rántí pé ẹ̀dà kan ṣì wà nínú fúláàṣì yẹn, àti pé bí ẹ tilẹ̀ pa á rẹ́, ẹni tó mọṣẹ́ lè hú u jáde.

Nígbà tí ssh-keygen bá béèrè passphrase, ìyẹn aṣínà tó ń dáàbò bo kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀, ẹ má kàn tẹ Enter kọjá. Láptọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ fọ́ tí ẹ gbé sílẹ̀ fún alátùn-únṣe di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ṣeé dà kọ. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá ní aṣínà tirẹ̀, ti ẹni tó bá dà á kọ ni. Gbólóhùn Yorùbá gígùn kan tó ti inú yín wá dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oríkì tí gbogbo ilé ń kì yín. Ẹni tó ti ṣe kọ́kọ́rọ́ láìní aṣínà lè tẹ ssh-keygen -p láti fi sí i. Bí títẹ̀ ẹ́ léraléra bá sì ń sú yín, ssh-add -t 4h yóò jẹ́ kí ssh-agent, ètò tó ń bá yín di kọ́kọ́rọ́ mú, rántí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin péré.

Èrò tèmi ni pé kí ẹnìkọ̀ọ̀kan, àní kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ kéékèèké máa ń ṣe ọ̀kan, wọn a sì pín in fún gbogbo òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, àfi kí wọ́n pààrọ̀ ti gbogbo ènìyàn. Bí olúkúlùkù bá ní tirẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni wọn yóò yọ nínú authorized_keys, fáìlì orí sáfà tí a ń kọ kọ́kọ́rọ́ gbangba àwọn tó lè wọlé sí. Ẹ fi -C kọ orúkọ ẹni àti ẹ̀rọ sí i nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, kí ìlà náà lè ṣeé dá mọ̀. N kì í sì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti tọ́jú ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ àṣírí pamọ́, nítorí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ la fi ń ṣe tuntun. Ọ̀nà kejì láti wọ sáfà, bíi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ yín mìíràn, ló yẹ kí ẹ ní.

Ẹni tó wálé fún Ojúde Ọba, tó sì fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù àbúrò rẹ̀ ṣiṣẹ́ díẹ̀, kò gbọdọ̀ da kọ́kọ́rọ́ sórí rẹ̀. Láti 2020 tí OpenSSH 8.2 ti jáde ni a ti lè fi ssh-keygen -t ed25519-sk ṣe kọ́kọ́rọ́ tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ohun èlò ààbò kékeré kan tí a ń ki bọ ojú USB. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí sáfà oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò jèrè rẹ̀.

Bí wọ́n bá já láptọ́ọ̀pù gbà lọ́wọ́ yín nínú ọkọ̀ ní Ṣàgámù, aṣínà orí kọ́kọ́rọ́ kàn ń dá olè dúró díẹ̀ ni. Ẹ gba ọ̀nà kejì wọ gbogbo sáfà tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ń ṣí, kí ẹ sì yọ ìlà rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ssh-keygen -lf authorized_keys yóò to gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ fún yín pẹ̀lú orúkọ tí ẹ kọ sí wọn. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá rí àmì pé olè ti lò ó. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ RSA (oríṣi kọ́kọ́rọ́ mìíràn) tí sáfà GitHub, ibi tí àwọn olùkọ-kóòdù ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, fi ń fi ara rẹ̀ hàn ṣèèṣì bọ́ sí gbangba fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù kẹta 2023, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìdúró de ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ti mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn mú kí ẹ̀rọ àìmọye ènìyàn máa kìlọ̀ fún wọn.

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ kọ PasswordAuthentication no (ẹ má gba ọ̀rọ̀ aṣínà) sínú sshd_config, fáìlì ètò sshd, ìyẹn apá SSH tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà, kí àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn lè máa kàn án lásán. Ẹ tẹ sudo sshd -t kó lè sọ bóyá àṣìkọ wà níbẹ̀. Ẹ tún tẹ sudo sshd -T, kí ẹ sì wá passwordauthentication nínú ohun tó bá kọ, nítorí pé lórí àwọn sáfà kan, fáìlì mìíràn nínú sshd_config.d ti sọ yes ṣáájú tiyín, ti àkọ́kọ́ ni sshd sì ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tún sshd bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa fèrèsé terminal tí ẹ wà nínú rẹ̀ dé. Ẹ ṣí òmíràn, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ wọlé láti ibẹ̀. Bí èyí kò bá wọlé, ti àkọ́kọ́ ni ẹ ó fi tún un ṣe.