Koríko Abẹ́ Igi: Ẹ Wo Oòrùn Kí Ẹ Tó Da Ajílẹ̀

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan nítòsí Ìkọ̀lé-Èkìtì mú mi wọ oko kajú rẹ̀. Ó gbin Guinea grass sáàárín àwọn igi náà, ó sì ti da ajílẹ̀ yúríà sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín òjò ọdún yìí. Koríko ọ̀hún dúdú minimini, ó ga dé àyà mi. Inú màmá ń dùn. Mo di ìdì kan mú, mo rọra fà á, ó bá ọwọ́ mi wá tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, gbòǹgbò náà kò sì gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Mo mọ̀ pé ajílẹ̀ ti pọ̀ ju oòrùn tó ń rí lọ. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gé èyí fún ewúrẹ́ yín."

Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ wa. Láti 2016 tí òfin ti ní kí ẹran má jẹko ní Èkìtì àfi níbi tí ìjọba bá yà sọ́tọ̀, a ti pọ̀ tí à ń gbin koríko gé fún ẹran nínú ọgbà. Ilẹ̀ gbalasa kò sì sí mọ́: kòkó, ọ̀pẹ, kajú àti tíìkì ti gba oko bàbá wa. Abẹ́ igi ló kù.

Abẹ́ igi dára o. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í tètè gbẹ, ewé tó ń já sílẹ̀ sì ń jẹrà di oúnjẹ fún un. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ṣá, tí a kò fi ajílẹ̀ kankan sí i, koríko tó wà lábẹ́ òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ lè tutù ju ti ìta gbangba lọ, kí purotéènì ewé rẹ̀ sì pọ̀ jù. Èyí ni àwọn ènìyàn ń rí tí wọ́n fi ń rò pé bí ajílẹ̀ bá tún kún un, yóò kọjá àfẹnusọ. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Ẹni tó bá ń gún iyán mọ̀ pé bí a bá bó iṣu mẹ́wàá sínú ìkòkò, tí iná ìdí rẹ̀ kò ju ẹyọ igi kan lọ, tútù ni a ó bá iṣu náà. Oòrùn ni iná koríko. Ajílẹ̀ ni iṣu. Ohun tí gbòǹgbò bá fà tí oòrùn kò tó láti sè, inú ọ̀pá koríko ni yóò jókòó sí ní tútù, pàápàá nísàlẹ̀. Náítíréètì ni wọ́n ń pè é. Bí ẹran bá jẹ ẹ́ jù, yóò yí padà nínú ikùn, yóò wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè gbé atẹ́gùn kiri ara mọ́. Ẹran náà á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ranlẹ̀. Bí ẹ bá la ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí èrìgì rẹ̀ bí àwọ̀ kòkó tó ti gbẹ. Ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Epo pupa tí a máa ń rọ sẹ́nu ẹran kò ràn án rárá.

Nítorí náà, oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lọ́sàn-án gangan, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ lábẹ́ igi. Bí oòrùn bá bọ́ sí bí ìdajì rẹ̀, koríko lè ṣe é. Bí ó bá jẹ́ tótòtó mélòó kan ni ẹ rí, ẹ gbé ajílẹ̀ padà sílé, kí ẹ mú àdá wá gé ẹ̀ka. Abẹ́ kòkó tó ti pàdé lókè, ẹ fi í sílẹ̀. Ewé tíìkì fẹ̀ débi pé yóò bo koríko mọ́lẹ̀. Irúgbá ni mo fẹ́ràn jù, ewé rẹ̀ kéékèèké ń jẹ́ kí oòrùn yọ́ wọlé. Ọ̀pẹ tí a gbin ní mítà 9 síra wọn dára nígbà tó ṣì kéré; bí imọ̀ bá ti ń kan ara wọn, ó parí. Ẹ má sì gbin èèsún síbẹ̀, oòrùn gbangba ni tirẹ̀.

Ní pulọ́ọ̀tì 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 tó wà ní gbangba, bíi kílò 7 yúríà ni mo máa ń ní kí wọ́n dà lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ òjìji ìdajì, kílò 3 ààbọ̀ tó. Kí ẹ tó dà á, ẹ kó ewé gbígbẹ kúrò nílẹ̀. Ohun táwọn èèyàn máa ń fojú di nìyí, ó sì dùn mí: bí yúríà bá bọ́ sórí ewé jíjẹrà, atẹ́gùn ni yóò gbé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ, owó yín sì ti lọ nìyẹn. Kí ilẹ̀ tutù, kí òjò sì ti ń ṣú. Bí ẹ bá ní igi agúnmaníyè (Gliricidia) létí oko, ewé rẹ̀ lè dín yúríà tí ẹ ó dà kù.

Lẹ́yìn ajílẹ̀, ẹ dúró bí ọ̀sẹ̀ 5 kí ẹ tó gé e. Ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ kan sókè, torí ibẹ̀ ni náítíréètì pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni koríko yóò ti tún hù. Ọ̀sán ni kí ẹ gé e, ẹ má gé e ní ìdájí. Bí ojú ọ̀run bá sì ti ṣú fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ jẹ́ kí oòrùn ràn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta ná.

Màmá Ìkọ̀lé gbà. A gé ẹ̀ka kajú, a fi koríko náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ó gé e sókè, ó pò ó mọ́ èèpo gbágùúdá gbígbẹ, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń bù ú fún wọn. Nígbà tí mo tún dé ibẹ̀, mo fa ìdì kan nínú èyí tó tún hù. Ó dá ọwọ́ mi dúró, gbòǹgbò rẹ̀ ti mú ilẹ̀.