Kí ló dé tí lẹ́tà Esperanto fi ń dé fìlà?

Ìbéèrè: Ẹni tó ń dá èdè sílẹ̀ lè kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Kí ló wá dé tí Zamenhof, tó gbé Esperanto, èdè àtọwọ́dá, jáde ní Warsaw lọ́dún 1887, fi kó àmì lé ĉ, ĝ, ĥ, ĵ, ŝ àti ŭ lórí, tó fi ń dààmú àwọn òǹtẹ̀wé?

Ìdáhùn: Òfin kan ló dì mú gírígírí: lẹ́tà kan, ìró kan. Lẹ́tà 28 ni èdè náà ní, kò sì sí èyí tí a ń kọ tí a kì í pè. Ŝ dún bíi ṣ wa, ĝ bíi j wa, j tiwọn sì dún bíi y wa. Sílébù kejì láti ẹ̀yìn ni ìtẹnumọ́ máa ń bọ́ sí. Ẹni tó bá mọ èyí lè ka ọ̀rọ̀ tí kò rí rí láìṣì í pè.

Àmì yẹn, tí àwọn tó ń sọ èdè náà ń pè ní fìlà, tún ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jọ ibi tó ti wá. Ĝardeno, ìyẹn ọgbà, jọ Garten ti Jámánì lójú, síbẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dún bíi giardino ti Ítálì. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn lójú tèmi.

Ìbéèrè: Bí ẹ̀rọ ẹni kò bá ní àmì náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Zamenhof fúnra rẹ̀ gbà pé kí wọ́n fi h sẹ́yìn lẹ́tà, bíi gh fún ĝ. Ṣùgbọ́n wo flughaveno, ibùdókọ̀ òfurufú: flug àti haveno ló so pọ̀, g àti h ibẹ̀ kì í ṣe ĝ rárá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi yan x, bíi cx fún ĉ, torí kò sí x nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn.

Ìbéèrè: Ṣé fìlà yìí ló wá le jù?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìró gan-an ló le. C dún bíi t àti s tó lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà scii, "láti mọ̀", ń fẹ́ kí ahọ́n pe s, t, s léra wọn. Ŝtrumpo, ìbọ̀sẹ̀, kó kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta jọ kí fáwẹ̀lì tó dé. Ẹnu tó ti mọ́ lára kí fáwẹ̀lì máa tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì kọ̀ọ̀kan yóò jìyà níbẹ̀. Ní ti ĥ, tó ń ti ọ̀fun jáde, àwọn tó ń sọ èdè náà ti ń sá fún un: ĥemio ti di kemio. Síbẹ̀ eĥo, gbohùngbohùn, kò lè di eko, torí ìbẹ̀rẹ̀ ni eko.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn kò yí i padà?

Ìdáhùn: Ní Boulogne-sur-Mer, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1905, àwọn tó ń sọ Esperanto fẹnu kò pé ìpìlẹ̀ èdè náà kò ṣeé fọwọ́ kàn. Àwọn tí kò gbà dá èdè mìíràn tó ń jẹ́ Ido sílẹ̀ lọ́dún 1907, wọ́n ṣí fìlà kúrò, wọ́n ń kọ ch àti sh. Àmọ́ nígbà tí s àti h bá pàdé nínú ọ̀rọ̀ alásopọ̀, bíi chas-hundo, ajá ọdẹ, àfi kí wọ́n fi àmì ìdè là wọ́n láàárín.