Kì í ṣe ọ̀tá ibi iṣẹ́ ló ń ru ẹ̀jẹ̀ yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni mẹ́ta ló wá bá mi ní ilé ìwòsàn láti ọ́fíìsì kan ṣoṣo ní Dùgbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń ta òun lọ́fà lóru. Ìkejì ti da òróró àdúrà sórí àga ọ́fíìsì rẹ̀ títí ṣòkòtò rẹ̀ fi bàjẹ́. Ìkẹta, obìnrin, kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà ní, “Màmá, mi ò lè sùn àfi tí mo bá mọ iye tí ẹni tó wà ní tábìlì kejì kó wọlé lónìí.” Mo wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. 168/104 ni ti olóròóró.

Mi ò ní jókòó ṣàlàyé ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́, ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò títí. Èyí tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ni pé ìfigagbága yín náà ń ṣiṣẹ́ lára. Bí ajá bá ń lé yín, tàbí bí orúkọ yín bá wà nísàlẹ̀ pátápátá lórí pátákó tágẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan náà ni lójú ara. Adrenaline, èròjà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìpayà, á tú jáde, àyà á máa lù kìkìkì, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀. Ajá á padà tó bá rẹ̀ ẹ́. Pátákó kì í padà. Ẹ ó gbé e sùn, ẹ ó gbé e jí, ẹ ó gbé e lọ sí ìkómọjáde.

Lọ́dún 2021, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, gbé ìṣirò jáde: ẹni tó ń fi wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40. Ẹ ṣírò tiyín. Aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́jọ alẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ó ti di 65, a ò tíì ka Sátidé tí ẹ ń lọ wá oníbàárà kiri Bódìjà.

Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ló ń bí mi nínú jù. Ẹ ó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ ó na apá sí ọmọdékùnrin tó gbé ẹ̀rọ sábẹ́ agboòrùn, fóònù ṣì wà létí yín! Kí ni ẹ̀rọ fẹ́ sọ? Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Apá lórí tábìlì, kó dọ́gba pẹ̀lú àyà, láìsí aṣọ lórí rẹ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó bá kéré fún apá tó sanra á parọ́ fún yín, á gbé èsì sókè. Kí ẹ sì pa ẹnu mọ́, torí ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ń gbé e sókè. Ọdún 29 ni mo ti fi ń ṣe é, mo sì tún ń wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ń jẹ́ 140/90 lọ sókè léraléra, ẹ wá bá wa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan gba èsì lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ń bára wọn díje ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ kéré ń jó!

Ẹni tó ń ta bítàs “afọ̀jẹ̀” fún yín ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe aṣọ. Ibuprofen àti diclofenac tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì fún orí fífọ́, àwọn gan-an lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń jẹ ibuprofen bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ẹni ọdún 38 ni. Ọjọ́ kan náà lòun àti ẹnì kan wọṣẹ́, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń du fírísà tí ọ̀gá wọn máa ń fún ẹni tó bá ta jù ní Kérésìmesì. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, báírò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó mú un, ó tún bọ́. Ó wojú yíká bóyá ẹnìkejì rí i. Ẹnìkejì náà rí i lóòótọ́, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ló bá gbé e pọ̀n sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta, nítorí iná ò sí fún lífítì.

Lọ́jọ́ kẹta, èmi ni mo wà níbi ibùsùn rẹ̀. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ahọ́n ti wúwo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ṣeé gbọ́. Ó ń fọwọ́ òsì tọ́ka sí ìwé mi. Mo rò pé omi ló fẹ́, àbí ìyàwó rẹ̀. Mo fún un ní báírò. Ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ bí ọmọ kíláàsì kìíní, ó pẹ́ kí n tó rí i kà:

“Ta ni wọ́n fún ní fírísà?”