Ríìngì Tuntun, Èéfín Àtijọ́: Ìbéèrè lórí Ẹ́ńjìnnì Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, píkọ́ọ̀pù 504 wa ń jẹ ọ́ìlì, ó sì ń tú èéfín búlúù. A pààrọ̀ ríìngì, èéfín ò lọ. Ṣé ríìngì tí a rà ni kò dáa?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ bá ẹni tó tà á fún yín jà, ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó wọn inú sílíńdà, ìyẹn ihò tí písítínì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, kó tó kó ríìngì sí i. Ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ṣòfò.

Ríìngì, irin róbótó tó yí písítínì ká, kì í dá ṣiṣẹ́. Ògiri sílíńdà ló ń tẹ̀ mọ́, kí iná tó ń jó lókè má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kó sì lè fá ọ́ìlì kúrò lára ògiri náà. Bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ògiri yẹn kì í jẹ dọ́gbadọ́gba. Òkè ló ń jẹ jù, níbi tí písítínì ti ń dúró díẹ̀ kó tó yí padà. Níbẹ̀ ni iná ti gbóná jù, tí agbára rẹ̀ ń ti ríìngì mọ́ ògiri, tí ọ́ìlì sì fẹ́lẹ́ jù. Tó bá yá, sílíńdà á ti fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, etí kan á sì yọ sókè pátápátá níbi tí ríìngì kì í dé. Ríìngì tuntun tó bá wọ irú ihò bẹ́ẹ̀ kò lè fara mọ́ ọn yíká. Ti òkè tiẹ̀ lè lọ gbá etí yẹn kó sì kán.

Ìbéèrè: Ṣé ríìngì ló ń fa gbogbo èéfín búlúù?

Ìdáhùn: Rárá o. Tó bá jẹ́ àárọ̀ tí ẹ bá sítáàtì ọkọ̀ ló ń yọ, tó sì ń dáwọ́ dúró, tàbí tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láìtẹ tọ́tù, tí èéfín sì tú nígbà tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ fáàfù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ ìgbà tó bá gbẹ́rù gun òkè ló ń tú u, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ jáde níbi tí ẹ ń da ọ́ìlì sí, ríìngì tàbí sílíńdà ni. Èéfín dúdú, ẹ lọ wo kábúrétọ̀. Èéfín funfun tí kì í tán, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́pù ni, ìyẹn èyí tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́pù tó bo sílíńdà lórí.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ẹ́ńjìnnì lórí àfojúbù. Ẹ ní kó lo gééjì tí wọ́n fi ń wọn kọ̀mpírẹ́ṣàn, ìyẹn bí písítínì ṣe ń fún atẹ́gùn tó nínú sílíńdà. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kó yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó yọ wáyà kọ́ìlì, kó tẹ tọ́tù délẹ̀, kó sì kọ iye tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fún un sílẹ̀. Èyí tó bá kéré, kó da ọ́ìlì ṣíbí kan sí i, kó tún wọ̀n ọ́n. Bí iye náà bá gòkè, ríìngì tàbí ògiri sílíńdà ló jẹ. Bí kò bá gòkè, ẹ wo fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ náà kì í pẹ́ rárá, mi ò sì mọ ìdí tí àwọn kan fi ń fò ó.

Ìbéèrè: Wọ́n ní 504 ò nílò ríbọ́ọ̀, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ ihò sílíńdà. Òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù Japan, inú búlọ́ọ̀kù gan-an ni wọ́n gbẹ́ sílíńdà sí. Bó bá jẹ, ẹ gbọ́dọ̀ gbé búlọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì wá písítínì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì 504 tó ń lo kábúrétọ̀, èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 84 tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 1,796 cc, sílíìfù ló ní, ìyẹn ògiri sílíńdà tó ṣe é yọ, omi sì ń kan ẹ̀yìn sílíìfù náà tààrà. Ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítínì àti ríìngì tí wọ́n jọ ń tà pọ̀. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn: písítínì tí wọ́n bá dì mọ́ sílíìfù kan, inú rẹ̀ ni kó wọ̀. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀, ó sì dá mi lójú pé sílíìfù yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí 504 pẹ́ lójú pópó wa, torí mẹkáníìkì lè tún un ṣe jìnnà sí ilé ẹ̀rọ.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn tí a ṣe é tán, ọ́ìlì wá dà bíi tíì onímílíìkì. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Omi ti wọnú ọ́ìlì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà, ẹ má wà á dé ilé, torí irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ á jẹ bíárìn kíráǹkì, irin tí písítínì ń yí.

Ẹsẹ̀ sílíìfù jókòó sórí ìdí kan nínú búlọ́ọ̀kù, pẹ̀lú síìlì pẹlẹbẹ tó ń dínà omi. Tọ́pù ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ṣí tọ́pù, tó wá yí kíráǹkì láìkọ́kọ́ fi irin di sílíìfù mọ́lẹ̀, písítínì á fà á sókè, síìlì á já, ìdọ̀tí á sì kó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kàn fẹ́ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì lásán fi lè dá wàhálà ńlá sílẹ̀. Tí wọ́n bá ń fi tuntun sí i, kí wọ́n fọ ibi tó jókòó sí mọ́ tónítóní, kí orí sílíìfù sì yọ díẹ̀ ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ, kó lè fún gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, ojú lásán ò tó. Tọ́pù náà, alúmíníọ̀mù ni, ó máa ń tẹ̀ tó bá ti gbóná jù rí. Ẹ fi rúlà irin gígùn yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè: Ṣé kí a má kúkú ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀?

Ìdáhùn: Bí búlọ́ọ̀kù kò bá sán, tí kíráǹkì sì dára, èmi á tún ti ara rẹ̀ ṣe. Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe lo tòkunbọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wọn kọ̀mpírẹ́ṣàn kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì lọ tún nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì inú ìwé ọkọ̀ ṣe.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì tó ki ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó lè dín èéfín kù fúngbà díẹ̀. Kò lè dá irin tó ti jẹ padà.

Ìbéèrè: Báwo ni ká ṣe wà á lẹ́yìn àtúnṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kó dúró lójú kan kó máa kùn fún ìgbà pípẹ́, ẹ má sì di ẹrù wúwo sí i. Ẹ máa yí eré rẹ̀ padà, kí ríìngì lè rí ojú ògiri jẹ. Tó bá ti rin bíi 1,000 kìlómítà, ẹ da ọ́ìlì náà nù, ẹ rọ tuntun. Ẹ tún wo fíltà afẹ́fẹ́ dáadáa: bí ó bá ya, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ ò dé mọ́, eruku ọ̀nà oko yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fá sílíìfù tuntun náà láti ọjọ́ kìíní.