Ṣé ẹ̀lú gidi ni àbí synthetic? Aláró tó ka kẹ́mísírì dáhùn

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí oníbàárà kan ò ní gbé adìrẹ mi sójú oòrùn, á gbóòórùn ẹ̀, á fi àtàǹpàkò ra á, á wá ní "Mọ́mì, ṣé ẹ̀lú gidi lèyí àbí synthetic?" Bó ṣe máa ń pe synthetic yẹn, ẹ ó ti mọ̀ pé ayédèrú ló ní lọ́kàn. Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì kí n tó di aláró l'Abẹ́òkúta níbí, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí ṣá.

Inú ọ̀rọ̀ synthesis ni synthetic ti wá, synthesis ò sì ju ká kó nǹkan méjì mẹ́ta pọ̀ kó sì di nǹkan mìíràn lọ. "Kó sì di" yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ wo àdàlú, ẹ̀wà àti àgbàdo, bó ti wù kó jinná tó, ọmọ tí ò fẹ́ràn àgbàdo á ṣa tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ìyẹn kì í ṣe synthesis, wọ́n kàn jọ wà nínú ìkòkò kan ni. Àmọ́ ọṣẹ dúdú ńkọ́? Epo àti omi eérú ni wọ́n gbé kaná, tó bá ti dọṣẹ tán kò sẹ́ni tó lè ṣa epo jáde nínú ẹ̀ mọ́, epo tí kì í bá omi rẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wá ń bá omi hó yẹn. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe synthesis kí ẹnikẹ́ni tó gbé orúkọ ẹ̀ dé. Ewé gan-an ń ṣe é, omi, afẹ́fẹ́ tá a mí sóde àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi ń ṣe ṣúgà tó ń jẹ.

Nígbà kan, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun tó bá ti ara ẹ̀dá wá, ẹ̀dá alààyè nìkan ló lè ṣe é. Lọ́dún 1828 ni ará Jámánì kan, Friedrich Wöhler, ṣe urea nínú láàbù, láìsí kíndìnrín èèyàn tàbí ti ajá. Urea yẹn ló wà nínú ìtọ̀ wa, òun náà làwọn àgbẹ̀ ń rà lápò tí wọ́n kọ 46-0-0 sí lára. Àgbàdo ò bèèrè èwo ló ti inú ìtọ̀ wá.

Ó ya, aró. Tí wọ́n bá gún ewé ẹ̀lú, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan. Ohun tó ń mú aṣọ dúdú nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní indigo, kì í yòrò nínú omi lásán, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ gba ọ́síjìn kúrò lára ohun tó wà nínú ìkòkò, ìyẹn niṣẹ́ tí kíkan yẹn ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi máa ń jáde nínú aró láwọ̀ omi ewúro, ẹ gbé e sáfẹ́fẹ́ báyìí, kẹ́ ẹ tó rojọ́ díẹ̀ ó ti ń ṣú lójú yín.

Adolf von Baeyer, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe lè ṣe indigo láìsí ewé lọ́dún 1865, ó rí i ṣe ní 1880, ṣùgbọ́n owó tó ń gbà kì í ṣe kékeré. Ó di 1897 kí BASF, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Jámánì, tó gbé tiwọn dé ọjà. Wọ́n ní tẹmómítà kan ló fọ́ nínú ohun tí wọ́n ń sè, tí mẹ́kúrì inú ẹ̀ wá jẹ́ kó yá, àṣìṣe rere. Ẹ̀yà tó wà nínú indigo yẹn, kábọ̀nù 16, háídírójìn 10, náítírójìn 2, ọ́síjìn 2, ti ewé náà nìyẹn, kò fi ẹyọ kan lé.

Kí ló wá fa aáwọ̀? Láwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ní káwọn aláró má lo aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì mọ́ torí ẹjọ́ pé aṣọ ń bà jẹ́, àwọn ìyá aláró sì ta kò ó. Èmi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbẹ̀. Kọ́sítíìkì ló rọ́pò omi eérú, ó yá ju eérú lọ, ó sì burú jù ú lọ. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fojú wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan torí mo ń kánjú, ọ̀pá mẹ́fà ló ya lọ́wọ́ mi bíi bébà, ọwọ́ mi náà sì bó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́, kọ́sítíìkì lẹ ó máa bu sínú omi o, ẹ má da omi lé e lórí, á ta sí yín lójú. Ẹ wọ gúlọ́ọ̀fù. Ike ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, ṣe ló máa jẹ ẹ́.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ prọ́jẹ́ẹ̀tì náà gbé synthesis wá bá mi, súpáfáísọ̀ ẹ̀ kọ ọ́ sí etí ìwé pé kò sí i nínú ohun tó kọ. Mo wò ó, Lágbájá sọ báyìí, Tàmẹ̀dò sọ báyìí, ojú ìwé mẹ́sàn-án. Mo ní àdàlú lo sè. Tí ẹnì kan bá kọ pé owó aṣọ wọ́n, tí ẹlòmíì kọ pé kọ́sítíìkì ń ba aṣọ jẹ́, gbé méjèèjì sójú kan, kó o wá bèèrè bóyá torí èrè tó ti lọ sílẹ̀ ni aláró ṣe ń wá ohun tó yá, ìbéèrè yẹn ò sí nínú ìwé èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìwọ lo ṣe é. Ohùn ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ síta lára fóònù náà synthesis ni, ẹ̀rọ ló ń to ìró pọ̀, ẹ ṣáà máa gbọ́ ọ tó bá fẹ́ pe ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́.

Oníbàárà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò bá a jiyàn rárá. Mo ní kó dúró, mo fa aṣọ jáde nínú dúróòmù, ó rí i láwọ̀ ewúro, ó rí i tó ń yí. Ó ní "Mọ́mì, èyí tó ń yí yìí náà, synthetic ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ra ọ̀pá márùn-ún, ó sì yọwó débi tó wù ú.