Ìgbafẹ́ Ọjọ́ Kan Kò Lè Sọ Ọmọ Àgbàtọ́ Di Ọmọ Ẹni

Lọ́dọọdún, bí ooru oṣù kẹta bá ti ń mú ní Èkó, tí òjò àkọ́rọ̀ sì ń ṣú, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn alágbàtọ́: pé bí ojú ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà tọ́ kò bá tíì mọlé, kí a gbé e lọ sí etí òkun tàbí ibi ìṣeré ńlá kan, kí a jẹ́ kí ó ṣeré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, pé kí a tó padà délé, ọkàn rẹ̀ yóò ti fà mọ́ wa. Ìgbàgbọ́ yìí ń dùn mí, nítorí pé orí ọmọ ni ẹ̀bi rẹ̀ máa ń já lé. Bí wọ́n bá ti etí òkun Elegushi dé, tí ọmọ náà ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìsọ̀rọ̀, wọn a ní kò moore.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń gbé àtòjọ eré ìgbà ìrúwé tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kọ wá sí Èkó bí ó ṣe wà. Lọ́hùn-ún, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, òtútù ń lọ, igi tí ó ti wọ́wé ń rúwé padà, ọmọ tí òtútù ti sé mọ́lé sì ń rí ìta jáde, nítorí náà ìta fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ayọ̀ fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, oṣù mẹ́ta yẹn ni máńgòrò ń pọ́n, tí agbálùmọ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń rọ̀ fún gbígbìn, ṣùgbọ́n ọmọ Èkó kò fìgbà kan kúrò níta, kò sì sí bí ìta lásán yóò ṣe yí i lọ́kàn padà.

Ibi tí ìmọ̀ ti kù díẹ̀ fún wa nìyí, mo sì fẹ́ dúró lé e lórí. Láàárín ọdún 1954 sí 1955, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan tí ń jẹ́ Mary Ainsworth gbé ní ilẹ̀ Ùgáńdà, ó sì ń lọ kí àwọn ìyá àti ọmọ ọwọ́ wọn nínú ìdílé 26 ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí Kampala. Ó rí i pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà: á rá kúrò lọ wo nǹkan, á bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀, á padà wá fọwọ́ kàn án, á sì tún lọ. Ó rí i pẹ̀lú pé ìyá tí ó ń kíyè sí ohun tí ọmọ ń fẹ́, tí ó sì ń dá a lóhùn, ni ọkàn ọmọ máa ń balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lílọ àti bíbọ̀ yìí ni ó yẹ kí alágbàtọ́ máa wò níta, nítorí inú ilé tóóró kò fún ọmọ láyè láti lọ jìnnà tó láti padà. A kò wò ó, ẹ̀rín ni a ń wò. Ọmọ tí ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn, tí ó ń pe alágbàtọ́ ní Mọ́mì láti ọjọ́ kìíní, tí ó sì ń na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni kí wọ́n gbé òun, ni a máa ń sọ pé ojú rẹ̀ ti mọlé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ti gba ọwọ́ àgbàlagbà púpọ̀ kọjá lè ti kọ́ pé gbogbo wọn dọ́gba.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà tí mo gbà tọ́ ni ó là mí lójú. Mo mú un lọ sí Freedom Park ní Broad Street, níbi tí ó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà ìjọba òyìnbó. Ó di ọwọ́ obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí mú, wọ́n jọ rìn títí dé ẹ̀yìn orí ìtàgé, kò sì bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ń yìn ín pé ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn, àyà mi sì ń já.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, a rọ ilẹ̀ sínú àpò ìrẹsì méjì lẹ́yìnkùlé wa ní Ṣómólú láti gbin ewédú. Èèpo irúgbìn ewédú le, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í hù bí a kò bá kọ́kọ́ fi omi gbígbóná jí i, nítorí náà mo dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, mo rì í bọ omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, òun sì ń ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ẹ̀wá kí n tó fà á yọ. Láràárọ̀ ni ó ń lọ wò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó sáré wá bá mi nídìí ààrò: “Àǹtí, ó ti yọ orí!” Ó sáré padà, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó yíjú wò mí bóyá mò ń bọ̀. Àǹtí ni ó ṣì ń pè mí, ṣùgbọ́n ó yíjú wò mí.

N kò fi èyí sọ pé ewédú yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tàbí pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí Lekki. Afárá orí igi tí ó wà ní Lekki Conservation Centre gùn tó mítà 401, ó sì máa ń mì. Ọmọ tí ẹ̀rù bà láàárín rẹ̀, tí alágbàtọ́ rẹ̀ dúró tì láìbú u, lè rí ohun tí ó pọ̀ gbà níbẹ̀. Àfi pé ọ̀pọ̀ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni ọmọ nílò, léraléra, iye rẹ̀ kò sì lè dọ́gba fún ọmọ méjì.

Ọjọ́ tí ẹ̀rù ń bà mí jù ni ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, tí etí òkun máa ń kún. Ọmọ tí kì í bojú wẹ̀yìn yóò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni nínú èrò náà, omi òkun wa sì máa ń fa ènìyàn wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ má sì fi àwòrán ojú ọmọ náà sórí Facebook láti fi hàn pé ẹ ti mọ́ra yín: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, dáàbò bo àṣírí ìgbésí ayé ọmọdé, àwọn kan sì lè wà tí kò yẹ kí wọ́n mọ ibi tí ọmọ náà ń gbé báyìí. Bí ọmọ yín bá jẹ́ irú èyí tí mo sọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ibi kékeré tí ó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ sì jókòó síbi tí yóò ti lè rí yín nígbàkúùgbà tí ó bá yíjú.